Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Dírẹ́bà

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń lọ. Yóò fi wọ́n ti ìjókòó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, yóò na apá, yóò gbé ìdí sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde tó sì yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ni gálọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà á tó dé. Ọkọ̀ á fò, ìdí rẹ̀ kò sì ní sí lórí àga láti gba ìfò náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é láìmọ̀ pé òun ń ṣe é, títí di ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, tó gbé ìdí sókè, tí ìbàdí mú un, tí kò sì lè jókòó padà.

Ìyá Létòlétò ni àwọn èèyàn ń pè é. Kó tó lọ́kọ, yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìtàwé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì ní kò sí ìwé téèyàn béèrè tí kò ní dijú mú jáde. Orúkọ náà tẹ̀ lé e délé ọkọ. Iṣẹ́ kíkó ẹrù ilé ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kó láti ilé kan sí òmíràn á pè wọ́n, wọ́n á gbé píkọ́ọ̀pù wọn wá, pẹ̀lú tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n so mọ́ ọn nídìí. Ọkọ ló ń wa ọkọ̀. Ìyàwó ló ń to ẹrù.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí onílé máa kọ́kọ́ nílò níbi tó ń lọ ló gbọ́dọ̀ wọlé gbẹ̀yìn, kó lè kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kó lọ sílé ọkọ, abẹ́ gbogbo ẹrù ni bẹ́ẹ̀dì wà. Orí páálí ni àwọn méjèèjì sùn, ó sì ní òun kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì onírin, fíríìjì àti sítóòfù, ẹ̀yìn tírélà pátápátá ni wọ́n máa ń wà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ara wọn.

Dókítà yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Kò sí eegun tó ṣẹ́. Ó kàn ní kó má jókòó sínú ohun tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Láti ìgbà náà, bó bá ti to ẹrù tán, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi tí onílé ń kó lọ. Bọ́ọ̀sì ń tètè dé. Á dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tuntun onílé títí píkọ́ọ̀pù á fi yọ.

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣì ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní ọ̀nà tó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìyàwó bi í, ó ní òun rò pé ẹnì kan máa sọ fún òun pé kí òun yà.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó wa píkọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì. Àbúrò wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti ń ní kó fi irin kún sipíríǹgì ẹ̀yìn, nítorí kò fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ òun máa wọ́lẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Irin pẹlẹbẹ márùn-ún ló wà lápá kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀. Ó ti di mẹ́jọ. Táyà ńkọ́? Á máa fẹ́ ẹ títí á fi le bí òkúta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní ọkọ̀ mọ́,” ó ní. “Bẹ́ńṣì ilé ìwé lẹ ń wà kiri.”

Wọ́n yọ irin mẹ́ta kúrò lápá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pààrọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, tí kò lè dá ìfò ọkọ̀ dúró mọ́. Wọ́n fún ìkọ́ tírélà le, nítorí ó ti ń mì débi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ búrèkì ni tírélà ń ta ọkọ̀ nídìí. Wọ́n jo afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ dé ibi tí ìwé ọkọ̀ wí. Wọ́n wà á yí àdúgbò ká, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfìfo ni. Àbúrò ní kó mú tírélà wá pẹ̀lú ẹrù.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti to ẹrù tán tó sì ti bá bọ́ọ̀sì lọ, ó yà síbẹ̀ pẹ̀lú tírélà. Àbúrò tú ìkọ́, ó fi ọwọ́ kan gbé imú tírélà. Ó dìde. Àbúrò wo fíríìjì lẹ́yìn, ó wo bẹ́ẹ̀dì onírin.

“Kò yẹ kí n lè gbé e báyìí,” ó ní. “Ohun tó wúwo wà lẹ́yìn táyà. Ó ń gbé imú tírélà sókè, imú ń gbé ìdí ọkọ̀. Bí ọ̀nà bá ti lè rí gbágungbàgun díẹ̀, jáńgílọ́fà ni wọ́n ń ṣe.”

Kò béèrè ẹni tó to ẹrù náà.

“Ẹ máa sọ fún wọn,” ó ní.

“Ìwọ ni àbúrò rẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọn.”

“Ìwọ lo ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.”

“Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ ọ́.”

Kò sí èyí tó sọ ọ́ nínú wọn.

Ní Sátidé, olùkọ́ obìnrin kan tó ní ọmọ méjì ń kó lọ sí ìlú kejì. Ọkọ sọ fún ìyàwó pé wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, kó wá dán an wò bó bá fẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, àmọ́ ó ti nu ìjókòó iwájú lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó to ẹrù bó ṣe máa ń tò ó. Ọkọ dúró tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn agbẹ́rù méjì wọ ìjókòó ẹ̀yìn, ìyàwó wọ iwájú.

Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ dára. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó mi orí sókè sódò. Ìkejì náà kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ sí ibi tí ọ̀dà ti bó kúrò lójú ọ̀nà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ìdí, ìyàwó sì di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, ó ní kí ọkọ òun dúró.

Ọkọ dúró. Ó wo bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò níwájú wọn. Kò mọ bí òun ṣe lè sọ pé kó má lọ.

Ìyá Létòlétò sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹni tó ń pèrò sí bọ́ọ̀sì pè é. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀pù tó wà níwájú, ó sì juwọ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ wa ọkọ̀ kọjá. Ìyàwó rí imú tírélà bó ṣe fò, bó ṣe gbé ìdí píkọ́ọ̀pù dání. Lẹ́yìn náà ló rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò dírẹ́bà.

“Kí ni àbúrò mi sọ?”

“Ó ní afẹ́fẹ́ táyà ti pọ̀ jù.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Ó ní irin sipíríǹgì ti pọ̀ jù.”

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ èyí tó kù.”

Ọkọ rẹ̀ wo iwájú bí ẹni pé ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ó wá sọ ọ́ fún un, fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn táyà, gbogbo rẹ̀.

“Ìgbà wo ló sọ ọ́?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Òní ni Sátidé,” ó ní. “Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìdí mi kó máa kọ́ ọ.”

Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́rù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

Ìyàwó lọ sí ìdí tírélà. Okùn nà tọ́ọ́rọ́, igun bá igun mu, kò sí ibi tí ọwọ́ lè wọ̀. Ó fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì náà.

“Ẹ tú u,” ó ní.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti tú u. Òun kò gbé nǹkan kan. Orí àpótí ìjókòó olùkọ́ ló wà, ó ń nawọ́. Ó mú máákà tó fi ń kọ nǹkan sára páálí, ó ní kí wọ́n fi fa ìlà sí ilẹ̀ tírélà, níbi tó ṣe déédéé pẹ̀lú táyà. Fíríìjì bọ́ sí iwájú ìlà náà, bẹ́ẹ̀dì onírin tẹ̀ lé e. Fóòmù, ìrọ̀rí àti àga ike ló kù sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n parí, ìdí píkọ́ọ̀pù wọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rí i, ó gbójú kúrò.

“Ẹ jẹ́ kó wọ́lẹ̀,” ìyàwó ní. “Ta ló ń wò yín?”

Ìyàwó padà wọ iwájú, wọ́n sì gbéra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ kan ní ilé ìtàwé, ẹni tó máa ń fi ẹran díndín pa mọ́ sáàárín àwọn ìwé òfin nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún un. Gálọ́ọ̀pù dé, ó kọjá, ọ̀rọ̀ kò já lẹ́nu rẹ̀. Ní kòtò ńlá kan, ó fajú ro, ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ó ní kí ọkọ òun yà sí ọ̀tún. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tún ni. Ó dúpẹ́, ó yà.

Olùkọ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n.

“Bẹ́ẹ̀dì dà?” ó ní. “Wọ́n sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀dì ló máa kọ́kọ́ jáde.”

“Tẹ́lẹ̀ ni, Tíṣà. Fóòmù ló ń kọ́kọ́ jáde báyìí.”

Olùkọ́ kùn díẹ̀. Àwọn ọmọ ti gun orí fóòmù kí wọ́n tó gbé e kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọkọ súnmọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn á lọ ní aago márùn-ún. Ṣé kí òun rán agbẹ́rù kan lọ gba àyè sílẹ̀ fún un?

Báàgì ìyàwó ṣì wà lórí ìjókòó iwájú, kò sì lọ mú un. Ó fi ìrọ̀rí kan há apá òsì, ó fi òmíràn há apá ọ̀tún, ó bi àwọn ọmọ náà pé yàrá wo ni tiwọn, ó sì tẹ̀ lé wọn wọlé lọ.