Iṣu Tí Mo Tẹ́ Sínú Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ

Inú ṣì ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ibi tí màá ti sọ pé mo ti dárí jì wọ́n. Mi ò tíì dárí ji ẹnì kankan. Ọmọ-ọmọ mi wà ní Àrámọ̀kọ, èmi wà ní Erìjìyàn níbí, mò ń gbá àgbàlá tí kò dọ̀tí.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí mi obìnrin náà ń ṣe tíṣà ní Àrámọ̀kọ, ibẹ̀ ló sì ti rí ọkọ fẹ́. Oyún pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, kò sí ohun tí ọmọ mi ò béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n sọ fún àwọn ní kílíníìkì pé ẹ̀gbẹ́ ìyá ni kí ọmọ tuntun máa sùn, ṣùgbọ́n kó ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí fóòmù tó le, kí wọ́n má sì fi ohunkóhun tì í, ìbáà ṣe ìrọ̀rí, ìbáà ṣe aṣọ tó nípọn. Èmi tí mo tẹ́ gbogbo ọmọ mi sáàárín èmi àti ògiri, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rántí àwọn ọmọ tí wọ́n bá láàárọ̀ tí wọn ò jí, tí wọ́n ní ìyá wọn ló sùn lé wọn, tàbí tí wọ́n ní àbíkú ni. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Àwa méjèèjì la jọ lọ bá káfíńtà. Bẹ́ẹ̀dì kékeré la ní kó ṣe, kí igi wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ̀gbẹ́ kẹrin ṣí sílẹ̀, ká lè fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ara bẹ́ẹ̀dì ìyá gírígírí, kí fóòmù ọmọ àti ti ìyá ṣe dọ́gba, kí àlàfo kankan má sì sí láàárín wọn. Mo mú agolo mílíìkì kan dání lọ. Mo sọ fún káfíńtà pé bí agolo yìí bá lè gba àárín igi méjì kọjá, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí pé irú ìyá wo nìyí, àmọ́ ó ṣe é bí mo ṣe wí. Kò kùn ún, kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kàn fá a títí ó fi jọ̀lọ̀. Nígbà tí ọmọ mi fọwọ́ pa á, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé ọjọ́ yìí á dé.

Ó bí ọkùnrin. Mo di ẹrù mi, mo gun ọ̀kadà, mo lọ wẹ ọmọ. Ilé àna kì í ṣe ilé ẹni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé ibẹ̀, ọwọ́ la fi ń ṣiṣẹ́, a kì í fẹnu ṣe é. Ìyá ọkọ ọmọ mi ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló rán an nílé ìwé, òun sì ni ìyá lójú rẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí ká ní ó burú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn fún mi láti sọ.

Ó dé nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, bẹ́ẹ̀dì ọmọ sì wà lórí ọkọ̀ tó gbé e wá. Tòkunbọ̀ ni, ó funfun báláú, ó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi tìmùtìmù yí inú rẹ̀ ká. Gbogbo ilé hó ìhó ayọ̀. Ó ní ká ní ìyá àwọn wà láyé, ohun tí ì bá rà nìyẹn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwa náà bá a sunkún. Kí n tó nu ojú tán, wọ́n ti gbé ti káfíńtà lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, pásítọ̀ wọn gbàdúrà sí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fi òróró sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ṣe àmín.

Ìgbà tí àlejò lọ tán ni mo ráyè fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣe é gbé sókè, ó ṣe é sọ̀ kalẹ̀. Ìkọ́ méjì ló yẹ kó gbé e dúró. Ọ̀kan ti ṣẹ́, okùn funfun ni wọ́n fi dè é, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa kò ní rí i. Fóòmù inú rẹ̀ kéré sí i, kì í ṣe èyí tó bá a wá. Mo ki ẹ̀ṣẹ́ mi bọ àárín fóòmù àti igi, ó wọlé, àyè sì tún ṣẹ́ kù. Orí ọmọ tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹ̀ṣẹ́ mi lọ. Lórí gbogbo èyí, wọ́n fi ìrọ̀rí sí i, wọ́n ṣí Bíbélì ńlá sí ibi Orin Dáfídì, wọ́n gbé e ti orí ọmọ, nítorí ọmọ tuntun kì í dá wà láìsí ohun tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí mo ti ń ka Bíbélì, wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mi ò rí ibi tó ti ní kí wọ́n gbé òun ti imú ọmọ jòjòló.

Mo pe ọkọ ọmọ mi sí kọ̀rọ̀, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyá ìyàwó ṣe. Mo fi ìkọ́ hàn án, mo fi àlàfo hàn án. Ó ní, "Wọ́n ti gbàdúrà sí i, mà." Bí ẹni pé àdúrà ni ìṣó. Mo ní kó jẹ́ ká gbé ti káfíńtà padà wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun á rò pé àwọn tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì máa dà bí ẹni pé àdúrà pásítọ̀ ò tó.

Báyìí ni ìjà ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá wẹ ọmọ tán, màá yọ ìrọ̀rí, màá gbé Bíbélì sórí tábìlì. Kí n tó da omi ìwẹ̀ nù kí n padà wọlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ ti dá wọn padà. Ọmọ mi ń wò wá. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, á gbé ọmọ sáyà, á jókòó sórí àga, oorun á sì gbé e lọ níbẹ̀, èyí tó tún burú jù. Mo ní kó sọ̀rọ̀, ṣebí ilé rẹ̀ ni. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà. Ẹ̀yin á padà sílé, èmi ni n ó máa bá wọn gbé."

Mi ò bá wọn jà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò pa iná inú mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa á lówe fún wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Nígbà tí orí ọmọ tuntun wá ń wọ́ lójú mi lóòótọ́, ohun tí wọ́n ní kí àgbà ṣe ni pé kó jókòó kó máa ṣe àmín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mò ń sá aṣọ ọmọ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ mi wà ní balùwẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ sì wà ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ tó wá kí wọn. Mo wọ yàrá láti kó aṣọ yòókù. Fóòmù ti yẹ̀, ọmọ náà ti fi ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ sínú àlàfo, ojú rẹ̀ wọnú tìmùtìmù, ó ń ṣe kùn-ín kùn-ín bí ọmọ ológbò. Mo fà á yọ. Ó mí kanlẹ̀, ó figbe ta. Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó rẹ ọmọ lẹ́kún, ó ní ọmú ló ń wá.

Mo kọjá lọ sí yàrá ẹ̀yìn láti gbé bẹ́ẹ̀dì káfíńtà. Iṣu ló kún inú rẹ̀. Iṣu tí àwọn èèyàn gbé wá fún ìkómọ ni, wọ́n ti tò ó síbẹ̀ dáadáa, ó sùn sórí fóòmù líle tí ọmọ mi rà, láìsí àlàfo, láìsí ewu. Ìgbà yẹn ni orí mi yí. Mo ṣa ọ̀kan tó tó ọmọ náà, mo fi aṣọ funfun wé e bí a ṣe ń wé ọmọ. Mo taari bẹ́ẹ̀dì tòkunbọ̀ wá sí pálọ̀, mo tẹ́ iṣu sínú rẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n wò ó. Mo wá fara ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìyá tí oorun ń kùn ṣe máa fara tì í. Okùn já. Ẹ̀gbẹ́ náà wó, iṣu yí gbirigbiri, ó já bọ́, ó ṣẹ́ sí méjì nínú aṣọ funfun.

Mo rò pé ó ti yé wọn nìyẹn. Àmọ́ kò sí ẹni tó wo ìkọ́, kò sí ẹni tó wo okùn. Ohun funfun tó wà nílẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní, "Uṣu lẹ wé bí òkú ọmọ yìí?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbá ọmọ mọ́ra, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, bí ẹni pé èmi ni màá jù ú sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá wa, kí lọmọ wa ṣe yín?"

Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Pásítọ̀ dé nírọ̀lẹ́, kì í ṣe nítorí ìkọ́, nítorí iṣu ni. Ó gbàdúrà fún ọmọ, ó gbàdúrà sí ilé, ó wá gba èmi náà níyànjú pé ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n fẹnu kò pé ọmọ ò gbọdọ̀ sùn mọ́ níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti já bọ́, nítorí àmì búburú ni. Wọ́n kó iṣu kúrò nínú ti káfíńtà, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e wọ yàrá ọmọ mi. Èmi fúnra mi ni mo fi bẹ́líìtì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ló ṣẹ, àmọ́ ńṣe ni inú túbọ̀ ń bí mi, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ki ọwọ́ bọ àlàfo yẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ pé wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀dì tòkunbọ̀ ṣòfò. Wọ́n á wá okùn míì so ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ á fi òróró tuntun sí i, wọ́n á gbé e fún aláboyún kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Ìdó-Ilé. Wọ́n ti sọ fún ọmọbìnrin náà, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ ìkọ́, wọ́n ní iṣu mi ló ba nǹkan jẹ́. Mo bi ọkọ ọmọ mi pé, ọmọ tiwọn ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀, tọmọ ọlọ́mọ wá lè sùn níbẹ̀? Ó wolẹ̀. Ó ní wọ́n á gbàdúrà sí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde lọ bá pásítọ̀, mo mú àáké. Mo yọ fóòmù, mo yọ tìmùtìmù, mo la igi náà sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé, mi ò sì kánjú ṣe é. Omi ìwẹ̀ ọmọ wà lórí ààrò. Mo ki igi bọ iná. Ọ̀dà funfun náà kọ́kọ́ ń rùn, ó ń rú èéfín dúdú, mo ní kí ọmọ mi ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó jó geere. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rí ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí omi gbóná, tí èéfín sì ti lọ, ó lọ gbé ọmọ wá fún mi. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi òrí pa á lára, mo tẹ́ ẹ sínú bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó sùn.

Táyà kan ṣì wà nínú eérú nígbà tí wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ló tún kú lójú rẹ̀. Mo rí i, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò tọrọ àforíjì. Ọkọ ọmọ mi ò pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ọ̀kadà."

Kò sí èébú tó ta mí tó ìkíni yẹn rí. Mo di ẹrù mi.

Wọ́n ti rán àgbàlagbà kan sí mi láti ìgbà náà. Ó ní bí inú mi bá ti rọ̀, kí n wá bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n á gbà mí wọlé. Mo ní kó lọ sọ fún wọn pé inú mi ò tíì rọ̀. Mo gbọ́ pé akọrin náà ti bímọ, òun náà sì ń bínú sí mi pé mo fi bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun dáná. Mo ránṣẹ́ pé káfíńtà á ṣe òmíràn fún un, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Kó máa bínú lọ, ọmọ rẹ̀ ṣáà ń mí.

Ọmọ mi máa ń pè mí, á yí ojú fóònù sí ọmọ kí n lè rí i. Ó ń fi ẹ̀yìn sùn nínú bẹ́ẹ̀dì tí kò ní ọ̀ṣọ́, kò sí nǹkan míì níbẹ̀ àfi òun nìkan. Obìnrin mìíràn ló ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi gbé e jókòó sórí itan, ó ní kí n wo ọrùn rẹ̀. Ọrùn náà ti le, orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo wò ó títí ìpè fi já.

Orí ọmọ náà ò wọ́ mọ́. Èmi àgbà ni kò sí lọ́jà.