Wákàtí Méjìlélógójì

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ má wá ẹlòmíràn kún un. Àbúrò mi obìnrin ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀.

Ọdún méje gbáko ló fi lọ sí yunifásítì. Láàárọ̀, ó ń fọ aṣọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé báàgì kọ́ apá, ó di ilé ìwé. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ló ń kọ́, iṣẹ́ àwọn tí à ń pè ní wẹ́fíà, tí wọ́n máa ń lọ wo arúgbó tí kò lẹ́nìkan àti ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìwé-ò-tán, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ mi náà fi ń kí i. Bó bá ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Ìwé-ò-tán, ṣé ó ti kù díẹ̀?" Á ní, "Ó ti ń tán lọ, ẹ̀yin ẹ ṣáà gẹrun yín."

Òótọ́ ni, ó ti ń tán. Ó ti yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, ó ti kọ iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n sì ti gbà á. Ohun kan ṣoṣo ló kù: irinwó wákàtí tó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn arúgbó. Wákàtí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ọjọ́ tó lọ, ẹni tó lọ wò, ohun tó ṣe níbẹ̀, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Bí irinwó ò bá pé, kò sí ìwé ẹ̀rí, ì báà jẹ́ òun ló gba ipò kìíní.

Ìgbà yẹn gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá wa. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn sí. Àbúrò mi gba ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀ kúrò lára ti ọ́fíìsì, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ara wọn má baà bó, ó ń nà wọ́n lẹ́sẹ̀, ó ń mú wọn sọ̀rọ̀ kí ahọ́n wọn lè padà bọ̀ sípò. Ohun tó ń ṣe fún àwọn arúgbó ọ́fíìsì náà ni, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà mi ń jókòó sí, ó ní, "Bùrọ̀dá, wákàtí mi ò ní í pé."

Mo ní, "Kí lo wá ń ṣe nílé látọjọ́ yìí? Ṣé Màmá kì í ṣe arúgbó ni? Àbí eré lò ń bá wọn ṣe? Kọ ọ́ sínú ìwé."

"Mi ò rò pé wọ́n máa gbà á."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ohun tó o rò? Ṣé irọ́ ni? Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Ẹnu àgbà lobì ń gbó sí. Ó kọ ọ́. Níbi tó yẹ kó kọ ẹni tó lọ wò sí, ó kọ "ìyá mi" gàdàgbà-gadagba, wákàtí méjìlélógójì lápapọ̀. Iṣẹ́ ti wọ ọ̀gá ọ́fíìsì lọ́rùn, ó fọwọ́ sí i láìkà á.

Olùkọ́ obìnrin tó ń yẹ ìwé náà wò ní yunifásítì kà á ní tiẹ̀. Ó fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní òfin ti wà láti ọdún kìíní pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹbí ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Àbúrò mi ní òun ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́. Obìnrin náà rọra dá a lóhùn pé, "Mo gbà pé o ṣe é. Àmọ́ ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ọmọ lo jẹ́." Ó ní kó lọ tún wákàtí náà ṣe kó tó pé oṣù kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní í sí lára àwọn tó yege, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Inú bí mi, mo wọ bàtà, mo ní mo fẹ́ lọ bá obìnrin náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Ọ̀sán mẹ́rìnlá ni, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀sán tí ì bá fi tọ́jú Màmá náà ló fi ń lọ. Ó kọ́kọ́ ní òun ò lọ mọ́, kí ìwé náà dúró di ọdún tó ń bọ̀. Màmá ló lé e jáde. Èmi ni mo wá ń wẹ̀ wọ́n, ọwọ́ mi sì le. Màmá á ní, "Rọra o, irun kọ́ lò ń gẹ̀."

Lọ́jọ́ kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, èémí wọn yí padà. Mo pe fóònù àbúrò mi títí. Àwọn wẹ́fíà kì í mú fóònù wọ ilé àwọn arúgbó, ọ́fíìsì ni wọ́n ń fi í sí. Mi ò lè fi Màmá sílẹ̀ kí n lọ wá a. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo jókòó, mo di ọwọ́ wọn ọ̀tún mú.

Wọ́n lajú. Wọ́n ní, "Ọmọbìnrin mi dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, Màmá."

"Ọ̀dọ̀ ta ló wà?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan."

Wọ́n sinmi díẹ̀. "Ṣé ìyá yẹn ò bímọ ni?"

"Kò bímọ, Màmá."

"Jẹ́ kó dúró tì í. Èmi ní ìwọ níbí."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n ti lọ.

Nígbà tí àbúrò mi wọlé, ojú mi ló kọ́kọ́ rí. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbá ẹsẹ̀ Màmá mọ́ra. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyá oníyàá ni mo ń nà, bùrọ̀dá. Ẹsẹ̀ ìyá oníyàá."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ parí ọ̀sán mẹ́ta tó kù. Orúkọ rẹ̀ jáde, ó gba ìwé ẹ̀rí, ọ́fíìsì yẹn náà ló sì gbà á síṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bi mí léèrè ohun tí Màmá sọ gbẹ̀yìn. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀.

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, bùrọ̀dá." Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí àwọn ẹbí bá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìkẹyìn èèyàn wọn ní ọ́fíìsì, irú ohun tí àwa náà máa ń sọ fún wọn nìyẹn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀."

Mo búra fún un. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ó ń fọwọ́ tù mí lẹ́jìká bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́. Kò gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀, bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, àwa méjì péré la sì wà nínú yàrá náà.