Kànga Tí Ìyá Kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣèlérí

Wáyà àti gílóòbù ni mò ń tà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ nítòsí wa ní Ìgándò, ẹ ó bá mi níbẹ̀, mo lóṣòó ti ẹrọ̀fọ̀ tó ń jáde, mò ń fi ìka pa á wò. Ilẹ̀ pupa ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Amọ̀ funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ògì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà amọ̀ dúdú. Omi tó wà lókè amọ̀ dúdú yẹn, ààtàn ti bà á jẹ́. Ó pọ́n, ó sì ń rùn. Àfi kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kan yanrìn funfun tí hóró rẹ̀ tóbi bí iyọ̀ òkúta. Omi ibẹ̀ ni omi. Owó oṣù lásán kì í gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀.

Irú rẹ̀ ni ìyá mi ṣèlérí fún mọ́sálásí.

Ọjọ́ tí wọ́n fi í joyè Ìyá Àdínì ni. Opó ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òwú ìránṣọ ló ń tà. Èmi ò rò pé wọn ì bá rántí rẹ̀ fún oyè bí kò bá ṣe pé kọ́sítọ́ọ̀mù ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n ṣe wé láwàní fún un tán ló dìde, ó ní, "Ọmọ mi yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbí, inṣá Àlláà." Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀, ẹnubodè ló wà; Màmá ò sì bi í léèrè tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Oníkànga. Èmi ni mo bá wọn yan ojú ibi tí wọn yóò gbẹ́, tó jìnnà sí ṣaláńgá, mo sì to òkúta yí i ká.

Òkúta yẹn wà níbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi gba àmì-ẹ̀yẹ. Ó dá ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó gàrí dúró, ó ní kí wọ́n já a. Ìrẹsì òkèèrè ló wà lábẹ́ gàrí. Àwọn tó ni ẹrù mú àpòòwé owó wá, kò gbà á. Wọ́n mú èyí tó nípọn jù ú lọ wá, kò gbà á. Ìyẹn ni ìjọba fi pè é sórí ìtàgé, tí wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ olóòótọ́.

Ó gbé e wá fún Màmá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: gíláàsì tó nípọn bí àtàǹpàkò, tó dúró lórí pákó dúdú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbẹ́ lẹ́tà rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ pa iwájú, yóò máa yọ̀ ni.

"Kí ni wọ́n fi tẹ̀ lé e?" Màmá bèèrè.

"Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, Màmá. Wọ́n sì ya fọ́tò wa."

Màmá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé àwa ò rẹ́rìn-ín, ó bèèrè: "Kànga wá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò ní in. Ká ní mo gba àpòòwé yẹn ni, kànga ì bá ti yọ."

"Mo mọ̀ pé o ò jalè. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni kí n fi wò wọ́n?"

Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó fi ìborùn wé gíláàsì náà, ó gbé e lọ sí àsàlátù àwọn obìnrin mọ́sálásí. Ó rò pé bí wọ́n bá rí i, yóò yé wọn. Mo dúró síta lójú fèrèsé.

"Ìjọba ló fi dá ọmọ mi lọ́lá," ni mo gbọ́ tó sọ. "Kì í gba rìbá."

Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ há ló fọhùn. "Máṣàálàhù. Ṣé èyí ni yóò máa pọn omi àlùwàlá fún wa?"

Ẹ̀rín bú. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ má pa wá lẹ́rìn-ín jàre, Ìyá Àdínì. Kọ́sítọ́ọ̀mù tí ò lówó kẹ̀? Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò gbẹ́ ẹ mọ́!"

"Bóyá Lẹ́kí ló gbẹ́ ẹ sí ṣá!"

"Ó tó!" ni alága wọn wí, ṣùgbọ́n òun náà ti rẹ́rìn-ín.

Màmá gbé gíláàsì náà lé mi lọ́wọ́, a sì rìn délé. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Yàrá rẹ̀ ló ti ń kírun. Alága wá bẹ̀ ẹ́, Màmá ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn ún. Àràárọ̀ ló máa ń nu àmì-ẹ̀yẹ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, á yára fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ, nínú ọyẹ́. Ọjọ́ kan náà la ní láti sin ín. Àfáà ní ká má fi omi kànga wa tó ń rùn wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ibi iṣẹ́ dé tààrà, lọ dá mẹ́ruwà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta omi dúró. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó kù lórí kẹ̀kẹ́ náà ló rà. Àwọn obìnrin àsàlátù wọlé lọ wẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn tó há yẹn láàárín wọn. Ó ń sunkún.

"Ẹ rọra dà á o," ló wí láti inú yàrá. "Omi ti fẹ́ tán. Ẹ bá wa sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tún wá òmíràn."

A ò ní láti sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́. Ó mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ òkúta tí mo tò sí mọ́sálásí kọjá, ó ń wá mẹ́ruwà.