Ìyáálé Mi àti Ìtàn Ìgbẹ́

Kí a tó gbẹ́ ṣáláńgá sílé ọkọ wa l'Ajah, igbẹ́ ẹ̀yìnkùlé là ń lọ. Ìyáálé mi kì í sin ọmọbìnrin mi lọ láìmú eérú tí wọ́n á fi bò ó dání, tòun ti ìtàn.

“Àwọn bàbá wa kì í dárúkọ imí níwájú àlejò. Wọ́n á ní, ‘Mò ń lọ sí igbẹ́.’ Ibi tí wọ́n ń lọ ló wá di orúkọ imí: ìgbẹ́.”

“Ìyá Àgbà, àwọn ará Eleko tó ń lọ sétí òkun ńkọ́?”

“Òkun ti gbé tiwọn lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ!”

Ẹ̀rín wọn á wá bá mi nídìí ẹja tí mò ń yan. Mo jowú ẹ̀rín yẹn ju bí mo ṣe jowú ọkọ lọ.

Ìyáálé mi ti kú tipẹ́. Lánàá, ọmọbìnrin mi gbé ọmọ tirẹ̀ lé póò. “Àwọn bàbá wa kì í dárúkọ imí...” Ohùn ìyáálé mi ló ń jáde lẹ́nu ọmọ tí mo bí.