Apá Tí A Fi Ń Dán Ẹ̀rọ Wò

Kí a tó jáde lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Minanata, àdúgbò kan ní Sókótó, apá ọ̀gá wa la kọ́kọ́ máa ń wọ̀n. Mo bá àṣà náà nílẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ọ̀gá yìí, obìnrin Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ ní Sókótó, tó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ àwa ọ̀dọ́ dókítà níṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn ọkàn. Mọ́mì là ń pè é. Ní àárọ̀, yóò jókòó sórí àga oníke lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Arkilla, yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, yóò ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀, a ó sì máa wé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn lápá. Ìfúnpá rẹ̀ kì í yẹ̀. Bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá náà ló ṣe wà lónìí, òun fúnra rẹ̀ a sì máa fi yangàn. Ẹ̀rọ tó bá gbé nọ́ńbà Mọ́mì jáde ti yege, a ó kó o sínú báàgì. Èyí tí kò bá gbé e jáde, inú páálí abẹ́ tábìlì ló ń lọ. Ìlànà iṣẹ́ wa ní kí a máa fi àwọn ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò gidi, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jìnnà sí Sókótó, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Apá Mọ́mì wà nítòsí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Dókítà ni mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú aláìsàn ló gbé mi dé Sókótó. Mo wá kọ́ bí a ṣe ń tọpasẹ̀ àrùn ọkàn láàárín ìlú: ta ló ń mú, ta ló ń fò kọjá, kí ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ sùúrù ni, èmi ò sì ní sùúrù, Mọ́mì ló ń fi tipátipá kọ́ mi. Ní àkókò yẹn, mò ń du àyè kan tí wọ́n fi ń ran àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ́wọ́. Ẹni tó bá rí i gbà yóò ní ìwádìí tirẹ̀, lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, kò ní máa gbé báàgì tẹ̀lé ẹlòmíràn kiri mọ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ ní àgbà olùwádìí kan tí yóò dúró tì í jálẹ̀. Mọ́mì ló dúró tì mí. Lọ́sàn-án, yóò ní kí n dìde kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn tí yóò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún àyè náà wà níwájú mi, yóò sì máa fi ìbéèrè já lu ọ̀rọ̀ mi títí inú yóò fi bí mi. Ó ti sọ fún mi rí pé rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n òun, kò sì sí èyí tó darúgbó nínú àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tó fi yan iṣẹ́ yìí.

Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé, nígbà tí ẹ̀rọ kan kọ́kọ́ ṣi nọ́ńbà Mọ́mì. Ó gbé e lọ sókè díẹ̀. A dá bátìrì lẹ́bi, torí Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, la ti rà á, kò sì sí ẹni tí kò tíì ra ayédèrú níbẹ̀ rí nínú wa. A pààrọ̀ bátìrì, nọ́ńbà ò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ náà di èrò inú páálí. Nígbà tó yá, òmíràn tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ooru ló bà á jẹ́, pé inú bọ́ọ̀tù mọ́tò la máa ń gbàgbé wọn sí. Hausa ni nọ́ọ̀sì yìí, ọmọ Sókótó gan-an, òun ló ń bá wa ṣílẹ̀kùn. Àwọn ìyàwó ilé ní àdúgbò tí à ń lọ kì í sáàbà jáde, ọkùnrin àjèjì ò sì gbọdọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n, nítorí náà obìnrin ni gbogbo wa. Tí nọ́ọ̀sì bá ti kí “Salama alaikum” lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n dá a lóhùn láti inú, a ti wọlé nìyẹn. Gbogbo wa gba ọ̀rọ̀ ooru náà gbọ́. Mọ́mì ló gbà á gbọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí. Mo rí i pé Mọ́mì, tí kì í fẹ́ jókòó nílé onílé tẹ́lẹ̀, ti ń wá àga kó tó kí wọn tán. Orí ń fọ́ ọ, ó ń dá oòrùn lẹ́bi. Nígbà mìíràn, yóò dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, yóò máa wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún, torí Mọ́mì gan-an lẹni tí mo máa ń sọ ẹ̀rù mi fún.

Ọjọ́ kan wá dé tí a já ẹ̀rọ tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo wé e mọ́ Mọ́mì lápá. Nọ́ńbà tó gbé jáde, bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, a ò ní jẹ́ kó ti ibẹ̀ lọ ibì kankan àfi ọsibítù. Mọ́mì wò ó. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u.

“Èyí náà ti bàjẹ́,” ó ní.

“Mọ́mì, tuntun ni, mà.”

“Wọ́n ti bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Gbé e sínú páálí, jàre.”

Nígbà tó wọlé lọ dáhùn fóònù, mo yọ ẹ̀rọ náà jáde. Mo wé e mọ́ apá ara mi: ìfúnpá mi ni, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo wé e mọ́ apá nọ́ọ̀sì: tirẹ̀ náà ni. Mo fa àwọn yòókù yọ nínú páálí, a tún fi wọ́n wọn ara wa. Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ kankan. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu ọ̀nà tí Mọ́mì gbà wọlé, ó rọra ní, “Hawan jini.” Bí Hausa ṣe ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá pé tirẹ̀ ti ru? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi, mà. Ẹ̀rọ kọ́ ló bàjẹ́.”

“Kí ló wá bàjẹ́?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà lónìí, mà.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé télọ̀ ni ìwọ ni?”

“Dókítà ni mí, mà. Ẹ gbọ́ tèmi nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. “Dìde ńlẹ̀. Jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò tán. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ta ni wọ́n máa ní ó dúró tì ọ́? Tí o bá ti ṣe é tán, màá lọ.”

“Kí àyè náà máa lọ, mà.”

“Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ohùn rẹ̀ ti yí. “Mọ́tò ń dúró dè yín.”

Mo fi ìbínú jáde. Mo bínú sí i, mo bínú sí àyè tí mò ń du, mo sì bínú sí ara mi pé mo ṣì ń fẹ́ ẹ. A kó ìwọ̀nba ẹ̀rọ tí Mọ́mì fọwọ́ sí, a forí lé Minanata. Ìfúnpá àwọn obìnrin tí a wọ̀n lọ́jọ́ náà dára, gbogbo wọn pátá. Ọ̀kan nínú wọn ní orí ń fọ́ òun, a ní ooru ni. “Lafiya lau,” là ń sọ láti ilé dé ilé, pé ara wọ́n le. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń bu omi tútù fún wa.

Wọn ò tíì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà tó fi ṣẹlẹ̀. Mo wà ní ìdúró, mò ń sọ̀rọ̀, Mọ́mì ń já lu ọ̀rọ̀ mi bí ìṣe rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló mú un dá mi lójú pé ohun tí mo ní mo wọ̀n ni mo wọ̀n lóòótọ́. Mo wolẹ̀, mò ń wá èsì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbìyànjú àtibi mí ní ìbéèrè mìíràn.

Kò kú. Mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu, ó di kí èèyàn fara balẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Mo jókòó tì í ní wọ́ọ̀dù, mò ń sunkún, mo ní mi ò du àyè kankan mọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì sókè díẹ̀, ó fi hàn mí.

“Àwọn tó kù,” ó ní. “Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ̀ ń gbé lọ.”

“Ẹ sinmi, mà.”

“Wọ́n bá apá mi mu.”

Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó tún un sọ, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi, ó sì yé mi. Láti ìgbà tí ìfúnpá Mọ́mì ti ń gòkè, ẹ̀rọ tó bá sọ òótọ́ ló ń ṣi nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, a sì ń jù ú sínú páálí. Èyí tó bá ṣì ń gbé nọ́ńbà àtijọ́ yẹn jáde ti bàjẹ́ nìyẹn, ó ń dín in kù. Òpùrọ́ la ń fara balẹ̀ ṣà láàárọ̀, la sì ń gbé wọ inú ilé onílé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti nọ́ọ̀sì fa páálí yọ lábẹ́ tábìlì, a gbé e lọ sí Minanata. Nílé tí a kọ́kọ́ yà, obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti yọ na apá sí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a ti ṣàárò òun ni, ṣebí a sọ pé ara òun le nígbà tí a wá gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ náà fún un lápá, ó fún un, kò tètè tú. Nígbà tí nọ́ńbà yọ, nọ́ọ̀sì kà á, ó sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Obìnrin náà wo èmi, ó wo òun, ó bi wá pé ṣé ó ṣì dára bíi ti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ilé tó kù ti jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n.