Ọjọ́ Tí Òfì Yèyé Di Irun Mi Mú

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ bí aṣọ tí wọn ò tíì hun tán ṣe dè mí mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń lọ wọ̀. Mi ò pàlọ́ o! Orí tèmi yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé òwú ni mò ń tà, pẹ̀lú bọ́tìnnì àti síìpù. Ṣé ẹ rí ayé? Òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo tún fi ń jẹun. Àwọn kan máa ń bá ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n jà. Èmi ń tà á ní rólù-rólù.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, mo sì gbà pé kò sí ọmọ tó rẹwà tó mi láti Ìyere títí dé Arímògijà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́! Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Ọdún Igogo ti wọlé nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ọ̀wọ̀, ẹ gbọ́ o: tí a bá ń ṣe Igogo, obìnrin kì í wé gèlè, ọkùnrin kì í dé fìlà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lu ìlù. Agogo là ń gbọ́. Nítorí náà, irun ni ọ̀ṣọ́ obìnrin lásìkò yẹn. Tí irun rẹ bá dára, gbogbo ìlú á rí i. Tí kò bá dára ńkọ́? Gbogbo ìlú á rí i náà!

Ìyá mi fi ọjọ́ méjì dirun fún mi. Onílé-gogoro ni, èyí tí wọ́n máa ń fi òwú dúdú wé títí irun á fi dúró ṣánṣán bí ilé alájà mẹ́ta. Ọmọ Ìyere ni ìyá mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó dirun náà tán, ó ní kí n má jẹ́ kí orí mi kan ògiri, nítorí lọ́jọ́ kejì ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa tẹ̀ lé agogo yí ìlú ká.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: mi ò rí irun náà! Dígí kan ló wà nílé wa, Yèyé ló sì ni ín. Yèyé ni ìyá bàbá mi. Ahunṣọ ni, obìnrin ńlá ni, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ jókòó, àpótí ló máa ń kọ́kọ́ ké. Ara ògiri ló gbé dígí náà kọ́ sí nínú yàrá tó ti ń hunṣọ, lẹ́yìn òfì gan-an.

Òfì àwọn obìnrin tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà sílẹ̀ gbọọrọ o. Igi ńlá ni, ó dúró ti ògiri, òwú á ta láti òkè wá sílẹ̀, á gba ìsàlẹ̀ yí sẹ́yìn, á tún pa dà sókè. Àlàfo tó wà láàárín òwú ẹ̀yìn àti ògiri, ewúrẹ́ tó bá yó kò lè gbabẹ̀. Yèyé sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé pé ẹni tó bá dé ẹ̀yìn òfì òun nígbà tí òwú wà lórí rẹ̀, òun á hun onítọ̀hún mọ́ ọn. Àwa pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí agogo máa jáde, Yèyé lọ wẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú kan péré ni, kí n kàn wo irun mi. Mo rá pálá wọ ẹ̀yìn òfì. Mo dé iwájú dígí. Háà! Bọ́sẹ̀, ìwọ nìyí? Mo yí ọrùn sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo jó díẹ̀. Mo tún ní kí n wo ìpàkọ́ mi. Ta ló ń fi dígí kan ṣoṣo wo ìpàkọ́ ara rẹ̀? Èmi! Ni mo bá yí po, gogoro orí mi sì wọ àárín òwú. Mo fà á, kò jáde. Mo tún yí po kí n lè fà á dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, tó wá ń yí igi náà po. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Yèyé wọlé dé. Mo panu mọ́. Ó jókòó, àpótí ké. Ó mú igi pẹlẹbẹ tó fi ń gbá òwú, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, gbà! Orí mi bá a lọ. Mo figbe ta, Yèyé náà figbe ta! Ó rò pé aṣọ ló ké.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Yèyé."

"Èmi wo?"

"Bọ́sẹ̀."

"Níbo lo wà?"

"Mo wà nínú aṣọ."

Èdè Ọ̀wọ̀ pọ́nńbélé ni Yèyé fi dá mi lóhùn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ọmọdé lè wà lára ẹni tó ń kà á.

Ẹ má bú u. Ìyàwó olóyè kan ló ni aṣọ náà, ọjọ́ mẹ́rin sí i ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde. Ó ti lé lóṣù kan tí Yèyé ti wà lórí rẹ̀, kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ tó kù. Òwú kan náà ló ń yí po iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ó bá já lẹ́yìn, ó já níwájú nìyẹn, gbogbo làálàá di òfo. Kí wọ́n kúkú gé òwú irun mi ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà! Òwú aṣọ ti mu aró títí ó fi dúdú kirikiri. Òwú irun mi náà dúdú. Wọ́n ti lọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni ti orí, èwo ni ti olóyè.

Yèyé ní ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n fá irun náà láti ìdí, irun á hù. Ìyá mi ti sáré dé. Èmi ò rí i, àmọ́ mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò sì gbọ́ ọ kó le tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìyá, ẹ ní irun á hù. Ṣé á hù kí Igogo tó parí? Ṣé olórí kodoro ni kí n mú gba àárín ìlú, nígbà tí mi ò lè fi gèlè bò ó?"

"Ta ló ní kó o kọ́lé sórí ọmọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń dirun ní Ìyere nìyẹn, bí òrùlé?"

"Ìyá, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbé dígí kọ́ lọ́dọ̀ tiyín nìyí, sẹ́yìn òfì?"

Yéè! Èmi tí mo há náà, ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín, òwú fa orí mi, ẹ̀rín di ẹkún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Súlè, télọ̀ tó wà ní ilé kejì, pé ojú rẹ̀ mọ òwú. Ó gbé sísọ́ọ̀sì dé. Yèyé ní irun ni kó gé. Ìyá mi ní tí irun kan bá já, kó má pe òun ní ará ilé kejì mọ́. Bàbá náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní ó ti pé ogún ọdún tóun ti ń gé aṣọ, àmọ́ òun ò tíì rí aṣọ tó ń wojú òun bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, àkókò ìrun ti tó, òun ń lọ kírun. Ìyá mi dá a lóhùn pé ìrun wo ni wọ́n ń kí ní aago mẹ́wàá àárọ̀? Ó ti lọ!

Bàámi náà dé. Awakọ̀ lọ́rì pákó ni. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ họ orí tí kò dé fìlà. Ó ní òun ò pa ẹ́ńjìnnì lọ́rì òun, ló bá jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, lọ́rì tó ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti ọjọ́ Mọ́ńdè!

Ọ̀sán pọ́n. Yèyé ò lè hunṣọ, ìyá mi ò lè dáná, kálukú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wà láàárín. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè bẹ̀rẹ̀, mi ò lè jókòó. Ìtọ̀ gbọ̀n mí, wọ́n ti póò gba ìsàlẹ̀ fún mi, ó ku díẹ̀ kó má bọ́ sí i. Wọ́n na àgbàdo sísè sí mi, mo jẹ ẹ́ lójú dígí. Ibi tí mo kọjú sí nìyẹn, kò sí ibòmíràn tí mo lè wò. Láàárọ̀, mo fẹ́ràn ọmọ tó wà nínú dígí yẹn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti sú mi. Ṣé ẹ ti dúró síbì kan rí, kí ẹ má rí nǹkan míì ju ojú ara yín lọ fún wákàtí mẹ́fà?

Fúnmi, ọ̀rẹ́ mi, wá yọjú ní fèrèsé.

"Bọ́sẹ̀, jáde! Agogo ti ń bọ̀ o!"

"Mi ò lè jáde."

Ó na ọrùn, ó rí mi. Ojú rẹ̀ là rekete, ló bá gbé ẹsẹ̀ lé eré, ó ń kígbe láàárín àdúgbò: "Yèyé ti hun Bọ́sẹ̀ mọ́ aṣọ! Yèyé ti hun Bọ́sẹ̀ mọ́ aṣọ!"

Lẹ́yìn náà ni agogo dé lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ láti òkèèrè, ó ń sún mọ́ ilé wa, mo gbọ́ orin, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi, mo tilẹ̀ dá ohùn Fúnmi mọ̀. Ó kọjá níwájú ilé wa. Ó lọ. Mo rò pé màá ké, ẹkún ò wá. Mo kàn dúró.

Ìyá mi ló yọrí wá láti ẹ̀gbẹ́ òfì láti wo ohun tó mú mi dákẹ́. Ojú mi ló bá pàdé nínú dígí. Ó sán ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó fún ara rẹ̀ wọ àárín òwú àti ògiri, ó sì sọ fún Yèyé pé òun á tú irun náà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe o!

Yèyé ò lè gba ẹ̀yìn wọlé, ara ò jẹ́. Ló bá na ọwọ́ méjèèjì gba àárín òwú iwájú. Ìyá mi lẹ́yìn, Yèyé níwájú, ogún ìka nínú orí mi. Ìbẹ̀rẹ̀ ló le. Bí ọ̀kan bá fà, èkejì á ní kó rọra. Èmi náà ń fà. Yèyé wá gbá mi létí jẹ́jẹ́, ó ní: "Má fà á. Ohun tó bá há, fífà ló ń mú un le."

Gbogbo wa wá rọra. Mo gbọ́ tí Yèyé ń sọ pé, "Èyí tèmi ni, èyí tìẹ ni." Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Nígbà tó yá, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun náà ṣe di òwú ìyá òun rú nígbà tóun wà lọ́mọdé, tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé òun dé oko. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín nínú yàrá kan rí.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí orí mi tó jáde. Kò sí òwú aṣọ kan tó já! Àmọ́ irun mi rí bí igbó tí ewúrẹ́ jẹ. Ìgbà yẹn ni ẹkún wá tó wá, mo ké títí mo fi sùn.

Ilẹ̀ mọ́, Yèyé pè mí. Ó mú òwú aró tó ṣẹ́ kù nínú èyí tó fi ń hun aṣọ ìyàwó olóyè, ó ní kí n jókòó sílẹ̀. Ìyá mi mú apá òsì orí mi, Yèyé mú apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún le débi tí ojú mi ọ̀tún ò fi pàdé dáadáa. Apá òsì rọ̀. Aró sì kun etí mi, mo fi etí dúdú lọ sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé mo wá bìkítà?

Lọ́jọ́ tí ìyàwó olóyè wọṣọ jáde, èmi náà wà lójú ọ̀nà. Ó wo irun mi, ó wo aṣọ rẹ̀, ó tún wo irun mi. Fúnmi pariwo pé, "Ṣebí mo sọ ọ́! Ọ̀kan náà ni wọ́n!" Yèyé wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, Yèyé ò pe ìyá mi ní ọmọ Ìyere mọ́. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ló ń pè é títí Yèyé fi kú.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kò gùn: ẹni tó bá há, kó má fà. Kó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn, kí ìkejì bọ́ síwájú, kí wọ́n rọra tú u. Kí àwọn tó ń tú u má sì jà lórí rẹ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ ti há rí lọ́mọdé? Orí kòkò ni, àbí irin fèrèsé? Ta ló tú yín sílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, ẹ má tijú, ìtìjú ti pa mí tán tipẹ́.

Dígí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, kí oníbàárà lè fi wo ara rẹ̀. Iwájú òwú ni mo gbé e kọ́ sí.