Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Wa Sọ Mí

Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo, "pà!", ti tó láti mú mi rántí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó tó mọ àṣà kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà, ọjọ́ tó wọlé wa l'Ágége ló ti sọ mí ní Eyínmẹ́nugún, nítorí eyín iwájú mi.

Nígbà tó yá, páálí bísíkíìtì ya lù ú lórí níléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ n'Ílúpéjú. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ kankan tó sọ wá mọ́. Tí a bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ẹ má sọ fún mi o, mo ń wá a bọ̀!" Tí kò bá rí i, á sọ wá lórúkọ tuntun.

Háà, a jayé orúkọ! Èmi tẹ́nu mi kì í sinmi, mo di Jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, mo di Adúmáadán nírọ̀lẹ́. Ó pe àbúrò bàbá wa, oníkùn ńlá, ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi fa ikùn mọ́ra. Síbẹ̀, àwa tí à ń rẹ́rìn-ín náà là ń gbàdúrà níkọ̀kọ̀ pé kó rántí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi wọlé, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹnu mi títí, ó pàtẹ́wọ́.

"Eyínmẹ́nugún!"

Mo ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, mo fò sókè. Gbogbo ilé pariwo: "Ìyàwó, o ti rántí o!"

Ẹnu yà á. "Rántí kí ni? Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí eyín wọn ni?"

Mo tún fò, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.